Bí Alhaji Gàní Ṣe Fẹ̀yìntì Nídìí Ìkòkò Túwó

Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ, ẹ má dá a dúró nítorí tèmi. Ìtàn ọkùnrin kan tó máa ń mú kí oúnjẹ àwọn ẹlòmíì tutù ni mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ kí ẹ wí pé mo jọ ọ́.

Ní Adéwọlé, nílùú Ìlọrin, ilé ńlá aláwọ̀ ewé kan wà tí àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìntì ń gbé. Àwọn kan nínú wọn kò ní ọmọ nítòsí, àwọn mìíràn ní ọmọ l'Ábújà àti lókè òkun, tí wọ́n ń fi fóònù kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ tàbí lọ́jọ́ Ìsinmi. Alhaja Hadiyyah, gbajúmọ̀ aláṣọ ní Táíwò Road, ló kọ́ ilé náà ní ìrántí ìyá rẹ̀, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o. Ilé jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń jà lórí ẹni tó gbé awò ojú ẹnìkejì wọ̀, oorun á sì gbé wọn lọ. Báyìí ni nǹkan ń lọ geerege títí ìgbìmọ̀ fi gba Alhaji Gàní gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé.

Alhaji Gàní kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó yẹ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má bàa ti kórìíra rẹ̀ kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Kò jalè, kò lu ẹnikẹ́ni, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀. Bó bá kí ènìyàn pé "ẹ káàárọ̀", á dúró díẹ̀, á tẹ́tí sílẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí ìkíni náà padà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Nítorí pé Ọlọ́run dá a ní tẹ́ẹ́rẹ́, agbádá lórí agbádá ló ń wọ̀ nínú oòrùn Ìlọrin, kó lè kún ojú ènìyàn. "Ọ̀gá ilé" ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Kò pẹ́ tó sọ ọ́ di "Olùdarí Àgbà". Nígbà tó yá, ó di "Olùdarí Àgbà Pátápátá, Alákòóso Ìjẹun, Ìsùn àti Ìfọ̀kànbalẹ̀ Àwọn Àgbà". Pátákó tí wọ́n kọ oyè yìí sí gùn láti ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ dé ìdí fèrèsé, ẹni tó bá ń kà á ní láti máa rìn.

Akọ̀wé rẹ̀ ni Sufyan. Akọ̀wé ni wọ́n pè é lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa gbà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀. Bí Olùdarí bá ní ooru mú, Sufyan á nu òógùn. Bó bá yí èrò padà tó ní òtútù ni, Sufyan kan náà á máa gbọ̀n. Láàárín méjèèjì, á máa ké pé, "Ráńkádédé!" bí àwọn Haúsá ṣe ń kí ọba wọn pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn.

Kí Alhaji Gàní tó dé, bí agogo oúnjẹ bá ti lù, àwọn kan á ní "Bísímílááhì", àwọn kan á ní "Ní orúkọ Jésù", ó di ẹnu. Olùdarí rí èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì mi orí bí ẹni tó rí ilé tó ń jó.

"Sufyan," ó ní, "ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń kàn jẹun? Láìsí ìṣíde? Láìsí ọ̀rọ̀ ìtọ́ni?"

"Ìtìjú ńlá ni, ráńkádédé."

Lójú ẹsẹ̀ ló pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, oúnjẹ kankan kò gbọdọ̀ ṣíwájú ọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ògì gbígbóná àti àkàrà ni Lami, ìyá tó ń dáná, gbé kalẹ̀. Àwọn àgbà na ọwọ́. Olùdarí gun orí pèpéle, ó di ojú rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé bó bá ń sọ̀rọ̀, kì í fẹ́ kí ìrísí àwọn olùgbọ́ dí òun lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ìṣúra orílẹ̀-èdè!" ó bẹ̀rẹ̀. "Mo dúró níwájú yín lónìí, mo dúró níwájú àkàrà yìí, mo sì dúró níwájú àwọn ìran tí ń bọ̀! Kí ni àkàrà? Ẹni tí kò ronú á ní ẹ̀wà ni. Ṣùgbọ́n mo bi yín, lábẹ́ ìṣàkóso ta ni wọ́n ti lọ ẹ̀wà náà? Nígbà ayé ta ni epo rẹ̀ gbóná?"

"Nígbà ayé tiyín ni!" Sufyan ké.

Ọ̀rọ̀ gùn. Ògì di awọ lójú, awọ náà sì le débi pé eṣinṣin kan bà lé e, ó rìn já òdìkejì, ó rìn padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tutù. Bàbá Gbádéyan, arúgbó kan tó ti sùn lọ, ta jí nígbà tí Olùdarí dákẹ́ láti mí, ó rò pé àdúrà ti parí, ó sì ké "Àmín!" tagbára-tagbára. Inú Olùdarí dùn sí àmín yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi mú apá kejì ọ̀rọ̀ náà bọ ẹnu.

Lami kò lè mú un mọ́ra. "Ọ̀gá, oúnjẹ ti tutù."

"Lami," ni Olùdarí wí láì la ojú, "oúnjẹ tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kì í tutù. Ó ń ronú ni."

Bí wọ́n ṣe ń jẹ oúnjẹ tó ń ronú nìyẹn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Àwọn àgbà fara dà á. Ẹni tó ti gbé ayé títí irun rẹ̀ fi funfun ti jẹ ohun tó tutù ju ògì lọ. Bó bá mọ síbẹ̀ ni, bóyá ǹ bá má ní ìtàn sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n pe Alhaji Gàní sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí ètò ìṣàkóso ní Malete. Ó sùn nínú rẹ̀ dáadáa. Ìgbà kan ṣoṣo tó la ojú ni ìgbà tí olùkọ́ ń sọ pé níbi iṣẹ́, ó yẹ kí kálukú mọ ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ló gbé kúrò ní Malete. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ wá sí Ìlọrin, òun nìkan ń rẹ́rìn-ín, ó ń na ìka sí afẹ́fẹ́, dírẹ́bà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àyáà Àlùkùránì tí wọ́n fi ń ṣọ́ ara.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, okùn ti la gbọ̀ngàn ìjẹun já. Ìpele tí kálukú wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kó tó fẹ̀yìntì ni yóò máa fi jókòó. Tábìlì àwọn ọ̀gá wà lábẹ́ fáànù, nídìí fèrèsé. Ti àwọn àárín wà láàárín. Ti àwọn ìpele ìsàlẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. Bí ẹran ṣe tóbi tó, ìpele ni yóò sọ. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ré okùn kọjá láìgbàṣẹ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ìpele rẹ̀ dé tábìlì àwọn ọ̀gá: Alhaja Barakah, tó ti jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé iṣẹ́ ìjọba rí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ẹran tó tóbi bíi bàtà síwájú rẹ̀. Alhaja Barakah kò sì ní eyín. Á máa wo ẹran náà, ẹran náà á máa wò ó, kò ní sẹ́nìkan tí yóò bá a dá sí i.

Èyí tó burú jù ni ti Bàbá Isaiah Gbádéyan, ẹni tó ṣàmín lẹ́ẹ̀kan, àti ìyàwó rẹ̀, Màmá Ṣìkẹ́mi. Láti Ogbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Ìlọrin nígbà ọ̀dọ́ wọn. Bàbá ń wa ọkọ̀ fún ìjọba. Màmá jẹ́ ọ̀gá nọ́ọ̀sì. Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà Màmá ló máa ń bá a yọ eegun inú ẹja kó tó jẹ ẹ́. Ìpele wá fi Màmá sí àárín, ó sì fi Bàbá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́.

"Alhaji, ọkọ mi nìyí o," ni Màmá Ṣìkẹ́mi wí.

"Mo mọ̀, Màmá. Nínú yàrá yín, tọkọtaya ni yín. Nínú gbọ̀ngàn yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni yín."

"Àwa tí a ti fẹ̀yìntì?"

"Ẹ̀yìn lẹ fi tì, Màmá. Ẹ kò fi ìpele tì."

"Ráńkádédé!" ni Sufyan ké.

Bàbá Gbádéyan náà bẹ̀bẹ̀. "Alhaji, ẹ bá mi fi díẹ̀ kún tèmi. Mo wa kọmíṣọ́nnà rí."

"Bàbá, ẹni tó wa kọmíṣọ́nnà kì í ṣe kọmíṣọ́nnà."

"Mo mọ̀," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń jókòó níwájú."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Olùdarí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀fẹ̀ náà ní ìpele tirẹ̀, èyí sì ti ré tirẹ̀ kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lami se ẹja. Olùdarí wà lórí pèpéle, ó pa ojú dé, ó ń ṣàlàyé ohun tí ìfọ̀kànbalẹ̀ jẹ́. Ebi ti pa Bàbá Gbádéyan jù, ó yọ́ ẹja kan sẹ́nu. Eegun há a lọ́fun. Ó wúkọ́ títí ohùn fi tán, ojú rẹ̀ sì ń dúdú bọ̀. Màmá Ṣìkẹ́mi, tó jẹ́ pé ọ̀pá ló fi ń rìn, ju ọ̀pá nù, ó ká ìró sókè, ó fo okùn. Ó gbá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ṣu túwó ní òkèlè ńlá, ó tì í sí i lẹ́nu.

"Gbé e mì! Isaiah, mo ní gbé e mì!"

Bàbá gbé e mì. Eegun bá a lọ. "Alhamdulillah!" gba ẹnu àwọn kan, "Ògo fún Jésù!" gba ẹnu àwọn yòókù. Ariwo yìí ló mú kí Olùdarí la ojú.

"Màmá," ó ní, "ṣé ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó fo okùn?"

Wọ́n rò pé eré ló ń ṣe. Kì í ṣe eré. Ó ní kí wọ́n má fún Màmá Ṣìkẹ́mi ní wàrà lọ́sẹ̀ náà, kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn tó bá tún fẹ́ máa fò. Màmá ṣa ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀. Bàbá ló sunkún, láìpariwo, ó kọ ojú sí ògiri.

Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá Gbádéyan kò fẹnu kan ẹja mọ́. Nígbà tó yá, kò jẹ ọbẹ̀ mọ́, ẹ̀rù eegun ń bà á. Túwó lásán ló ń jẹ, kì í sì í parí rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ mọ́ ọn lára. Màmá Ṣìkẹ́mi á jókòó sí ìhà tirẹ̀, á máa wò ó láti òdìkejì okùn, oúnjẹ tirẹ̀ náà á máa tutù lọ.

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ bá Alhaja Barakah ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn àdúrà Alááṣáà.

"Alhaja, ẹ bá mi dá sí i. Ọkọ mi á kú lórí ìpele."

Alhaja Barakah fà á mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣìkẹ́mi, mo rí àṣẹ tí kò mọ́gbọ́n wá lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Àwọn tó ń bá a jà kì í rí i pa. Àwọn tó ń tẹ̀lé e tọkàntọkàn, tí wọn kò yọ nǹkan kan sílẹ̀, àwọn ló ń pa á."

"Kí ni ká wá ṣe?"

"A ó gbọ́ràn. A ó gbọ́ràn débi tí yóò fi bẹ̀ wá pé kí á má gbọ́ràn mọ́."

Àkókò náà ni ọkàn Olùdarí ń fà sí nǹkan tuntun kan. Ó fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun pe gbọ̀ngàn ìjẹun. Ó pe ìgbìmọ̀ wá bá wọn jẹun ọ̀sán, kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ òun, kí inú wọn sì yọ́. Ó yan Alhaja Barakah láti dúró lẹ́nu ọ̀nà gba àlejò, nítorí pé kò sí ẹlòmíì tí ìpele rẹ̀ tó o.

"Alhaja, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó síbi tí ìpele rẹ̀ kò dé o."

"Ẹnikẹ́ni, Alhaji?"

"Ì báà ṣe bàbá tó bí mi. Bí mo bá sì ti gun pèpéle, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀ títí máa fi parí, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú mọ́ mi lẹ́nu."

"Mo ti gbọ́," ni Alhaja Barakah wí, ó sì tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n fún lẹ́bùn.

Ọjọ́ pé. Olùdarí gun pèpéle, ó to agbádá rẹ̀, ó ń dán ojú tó fẹ́ fi gba ọlá wò. Lẹ́nu ọ̀nà, Alhaja Hadiyyah dé, òun àti Alfa Habibullah pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn nínú ìgbìmọ̀. Alhaja Barakah na ọ̀pá dí ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, Alhaja. Ìpele wo lẹ fi fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba?"

"Iṣẹ́ ìjọba kẹ̀? Aṣọ ni mò ń tà."

"Alfa ńkọ́?"

"Ilé kéwú ni tèmi," ni Alfa wí.

"Ó ṣe mí láàánú. Ẹ kò ní ìpele. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni tiyín, nídìí ìkòkò."

"Èmi tí mo kọ́ ilé yìí?"

"Allah á san yín ní rere, Alhaja. Ṣùgbọ́n ìpele wo lẹ fi kọ́ ọ?"

Inú kọ́kọ́ bí Alhaja Hadiyyah. Lẹ́yìn náà ló wo inú gbọ̀ngàn. Ó rí àwọn okùn. Ó rí àwọn ìjókòó tó ṣófo lábẹ́ fáànù, ó rí àwọn arúgbó tó fún pọ̀ mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́.

"Ta ló so okùn yí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ká bíi màlúù?"

"Àṣẹ ni, Alhaja."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n lọ síbi tí ìpele mi dé."

Sufyan rí gbogbo rẹ̀. Ó sáré dé ìdí pèpéle, ó la ẹnu. Olùdarí gbé ìka kan sókè pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Sufyan pa ẹnu dé, ó ní "ráńkádédé" wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó jókòó.

Olùdarí di ojú. "Ẹ̀yin àlejò pàtàkì tí ẹ fi ìjókòó yín bu ọlá fún mi!" ni ó fi bẹ̀rẹ̀, sí àwọn àga tí kò sí ẹnì kankan lórí wọn. Bó ṣe ń ṣàlàyé bí ìlú Ìlọrin ṣe wà nínú òkùnkùn títí òun fi dé sí Adéwọlé, Alhaja Barakah ń rìn láti tábìlì dé tábìlì.

"Ẹ ti gbàṣẹ," ó ń sọ fún wọn wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ ti gbàṣẹ, ẹ máa lọ."

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá ń ró kò, kò, kò nílẹ̀. Olùdarí rò pé wọ́n ń fi ọ̀pá yẹ́ òun sí ni, ó sì gbé ohùn sókè.

Lẹ́yìn ilé ìdáná, Lami ń bu túwó láti inú ìkòkò tààrà, gbẹ̀gìrì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alhaja Hadiyyah jókòó lórí àpótí, ó ń ta ìka, túwó náà gbóná débi pé ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Màmá Ṣìkẹ́mi mú ọkọ rẹ̀ jókòó, ó fa àwo ẹja mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ eegun. Bàbá Gbádéyan jẹun bí ẹni tó ti ìrìn àjò jíjìn dé.

"Bàbá, kí ló mú yín rù báyìí?" Alhaja Hadiyyah bi í.

"Ìpele mi ni kò sanra, ọmọ mi."

Alhaja Hadiyyah ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Lami sọ fún òun bí ó ṣe jẹ́. Lami sọ ọ́, látorí ògì dórí eegun dórí wàrà, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Nínú gbọ̀ngàn, Olùdarí parí ọ̀rọ̀. Ó dúró gbọ́ àtẹ́wọ́. Ọwọ́ méjì péré ló ń ró. Ó la ojú, ó rí Sufyan, ó rí àga.

"Àwọn ènìyàn dà?"

"Wọ́n ti lọ jẹun, ráńkádédé."

"Ta ló ṣí oúnjẹ?"

"Ebi ni."

"Ìwọ ńkọ́, Sufyan?"

Sufyan gbóòórùn afẹ́fẹ́. "Ọ̀rọ̀ yín dùn o, Alhaji. Ṣùgbọ́n gbẹ̀gìrì yẹn..." Ó dìde, ó lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí kò gbà nìyẹn.

Olùdarí sáré tẹ̀lé e. Okùn tó so fúnra rẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, fìlà fò lọ, agbádá òkè bo ti ìsàlẹ̀, bó ṣe yọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná nìyẹn, bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ já lórí okùn. Ó rí alága ìgbìmọ̀ lórí àpótí pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́. Omi ojú fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

"Alhaja! Kí lẹ ń ṣe níbí? Ẹ jẹ́ n wá jókòó tì yín, kí n ṣàlàyé."

Alhaja Barakah na ọ̀pá. "Ìpele wo lẹ fi fẹ̀yìntì, Alhaji?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò tíì fẹ̀yìntì!"

"Subhanallah. Ẹni tó fẹ̀yìntì ní tábìlì. Àlejò ní ìdí ìkòkò. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kò ní ibì kankan nínú ètò yín. Ẹ óò máa dúró ni."

Alhaji Gàní wo túwó. Òun náà kò tíì jẹun láti àárọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń kọ́ sórí. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ má tẹ̀lé àṣẹ yẹn mọ́."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Màmá Ṣìkẹ́mi nìkan ló mọ ìdí tí Alhaja Barakah fi ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má dà á láàmú," ni Alhaja Hadiyyah wí, ó nu ọwọ́. "Kò le. Alhaji Gàní, ẹ ti fẹ̀yìntì."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìsinsìnyí. Ìgbìmọ̀, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Alfa Habibullah àti àwọn méjì yòókù kò lè sọ̀rọ̀ nítorí túwó tó kún ẹnu wọn, wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó parí nìyẹn. Bísímílááhì, ẹ jókòó, kí ẹ jẹun."

Alhaji Gàní kó agbádá rẹ̀ jọ, ó jókòó. Ó la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére, Lami gbé àwo lé e lọ́wọ́. Ó ń wo ẹja inú rẹ̀ láìmọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Màmá Ṣìkẹ́mi na ọwọ́, ó yọ eegun ńlá kan kúrò lẹ́bàá ìka rẹ̀.

"Ẹ rọra o, Alhaji," ó ní. "Ó lè há yín lọ́fun."

Alhaji Gàní, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n, ti òkèlè bọ ẹnu. Ó jẹun, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Lami fi àwọn okùn náà sá aṣọ. Ara Bàbá Gbádéyan padà bọ̀ sípò, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń jà lórí tábìlì kan náà lójoojúmọ́, nítorí Màmá ní ó ń jẹun pariwo, Bàbá sì ní kò sí ẹni tó ń gbọ́ ariwo náà nígbà tí òun wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́.

Ní ti Alhaji Gàní, ọkọ̀ ilé kò bá a lọ. Ó jáde sí títì ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, ó dá kẹ̀kẹ́ márúwá dúró, ó sì gbé gbogbo agbádá rẹ̀ wọlé. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí obìnrin kan pẹ̀lú agbọ̀n ata dá wọn dúró.

"Alhaji, ẹ sún," ni ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ wí láìbojú wẹ̀yìn.

Alhaji Gàní gbé orí sókè, ó ha ọ̀fun, ó na ìka kan. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ń dúró. Obìnrin náà ń dúró, agbọ̀n wà lórí rẹ̀, oòrùn ń pa á. Alhaji wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí yóò ké ráńkádédé.

Ó sún.